Lésà Kì Í Ṣe Oríṣi Kan: Àlàyé lórí Ẹ̀rọ Tó Ń Gé Nǹkan, Tó Sì Ń Fín In

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láti gba àwọn kíhólídà tí a fẹ́ pín níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ń fín orúkọ màmá náà sára irin pẹlẹbẹ. Ó wọ awò ojú tó ní àwọ̀ ọsàn, ó sì tẹjú mọ́ ibi tí iná wíńníwínní ti ń ta lára irin. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ó wọ awò. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wo ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó bọ́ ọ fún mi. Ìkọ̀wé kékeré kan wà létí dígí rẹ̀: 190–540 nm, ìyẹn oríṣi ìmọ́lẹ̀ tó lè dí. Ẹ̀rọ tó ń lò, 1064 nm ni ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, awò lésà ṣáà ni,” ló sọ fún mi. “Inú páálí ẹ̀rọ wa àkọ́kọ́ la ti bá a.”

Kò parọ́. Awò lésà ni lóòótọ́, àmọ́ lésà mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sí lára ohun tí awò yẹn ní láti dí. Ojú lásán ló fi jókòó níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ ju ti ẹni tí kò wọ awò rárá lọ. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Orúkọ kan ṣoṣo là ń pe oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tí ìwà wọn kò jọra. Èyí tó ń gé pákó kì í ṣe èyí tó ń fín irin. Ohun tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ ọ̀kan kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ èkejì. Bí ẹ bá ti mọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ yín, ìdajì ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè yín ti dé: ohun tó lè gé, ohun tí kò lè gé, awò tó yẹ, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn. Ẹni tó bá ti mú awò ìkàwé bàbá rẹ̀ jáde sínú oòrùn nígbà èwe, tó fi kó ìtànṣán jọ sórí ewé gbígbẹ títí ewé fi rú èéfín, ti rí iṣẹ́ lésà. Oòrùn kan náà tó ń ta sí wa lára láìjóni, tí a bá kó o jọ sójú kan bí orí abẹ́rẹ́, á di iná. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti gílóòbù dà bí èrò Ọjà Titun lọ́jọ́ ọjà: oníkálukú ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, ìṣísẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ti lésà dà bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yan lórí pápá lọ́jọ́ òmìnira: aṣọ kan náà, ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé wọ́n ń rìn papọ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe láti fi awò kékeré kan kó gbogbo agbára wọn jọ sójú ibi tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mílímítà.

Kì í ṣe ohun àtijọ́. Albert Einstein ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1917 pé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wáyé. Ní 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California, láti ara òkúta iyùn pupa kan tí wọ́n ń pè ní ruby. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, ọmọ ọdún méjì péré ni lésà. Ní 1964, Kumar Patel, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ CO2 (carbon dioxide), òun sì ni bàbá ńlá àwọn ẹ̀rọ tó ń gé àmì ẹ̀yẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ìlú yìí títí dòní.

Ní ti gígé àti fífín, èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹni tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ kì í dá igbá lu. Awọ òkè ló ń fi ọ̀bẹ họ títí àwòrán yóò fi yọ. Ẹ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nílùú yìí ní 1938, ẹ wo bí àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lójú wọn. Wọn kò jìn, síbẹ̀ ojú ń rí wọn láti òkèèrè. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó bá ń fín nǹkan nìyẹn. Ìtànṣán kan náà ló ń gé, òun náà ló ń fín, ìyàtọ̀ wà nínú agbára àti ìyára. Bí ìtànṣán bá sáré kọjá lórí pákó pẹ̀lú agbára díẹ̀, yóò sun ojú rẹ̀ dúdú. Bí ó bá rọra lọ pẹ̀lú agbára púpọ̀, yóò jó o dé ìsàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ iye méjèèjì fún un, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló sì ń yan iye tí yóò sọ. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n dán an wò lára àjákù ohun tí wọ́n fẹ́ gé kí wọ́n tó fi ojúlówó sí i. Plywood tí ẹ rà lóṣù tó kọjá àti èyí tí ẹ rà lónìí lè má jẹ́ ọ̀kan náà, torí àtè tí wọ́n fi lẹ ìpele wọn pọ̀ máa ń yàtọ̀.

Ó wá ku ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta náà. A máa ń fi gígùn ìgbì mọ ìmọ́lẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, nánómítà la sì fi ń wọn ìgbì náà. Òun ni “nm” tí ẹ ń rí lára awò àti lára ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gé mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà kan. Ojú ènìyàn ń rí láti nǹkan bí 400 dé 700. Ohun tó bá kéré sí i tàbí tó ju ìyẹn lọ, ìmọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a kò lè rí i.

Àkọ́kọ́ ni ti dáódù (diode, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀), aláwọ̀ búlúù, tó wà ní nǹkan bí 450 nm. Òun ló kéré jù lówó, òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU sì sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń fín pákó àti awọ ẹran dáadáa, ó sì ń gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n gbé acrylic, ike líle tó jọ dígí, èyí tó mọ́ gaara, sábẹ́ rẹ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ń gba inú rẹ̀ kọjá bí oòrùn ṣe ń gba fèrèsé wọlé. Mo mọ ẹni tó rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́ nítorí èyí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní àléébù, ohun tó gbé sábẹ́ rẹ̀ ni kò bá ìmọ́lẹ̀ náà mu.

Ọ̀dọ̀ dáódù yìí náà ni wọ́n ti ń fi wáàtì da ojú àwọn ènìyàn rú jù. Wọ́n á kọ 40 W gàdàgbà sára páálí. Iná tí ẹ̀rọ náà ń fà láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ lè má ju 5 W lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde ló ń gé pákó o. Ẹni tó ń tà á ló yẹ kí ẹ bi ní tààrà pé: “Wáàtì mélòó ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀?” Bí kò bá lè dáhùn, ẹ mú owó yín dání.

Èkejì ni ti CO2, 10,600 nm, ojú kò rí i rárá. Inú ọ̀pá dígí gígùn kan ni wọ́n ti ń mú un jáde, òun ló sì pọ̀ jù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe àmì ẹ̀yẹ. Ó ń gé pákó, páálí, aṣọ, awọ, àti acrylic tó mọ́ gaara pàápàá. Ó ń fín dígí, ó sì ń gbẹ́ rọ́bà sítáńpù. Ibi tó ti ń kùnà ni irin tí a kò kùn: irin ń ta ìmọ́lẹ̀ náà padà.

Ẹ̀kẹta ni ti fáíbà (fiber, inú okùn dígí tín-ín-rín ni wọ́n ti ń mú un jáde), 1064 nm, èyí tí ọmọkùnrin Mayfair ń lò. Ojú kò rí òun náà. Irin ni oúnjẹ rẹ̀: kíhólídà, ọ̀bẹ, ago irin, ẹ̀yìn fóònù, inú òrùka. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Iléṣà, níbi tí ilẹ̀ àyíká wọn, bí Ìtagúnmódi àti Ìpẹ́ríndó, fúnra rẹ̀ ní wúrà nínú, lè fi irú ẹ̀rọ yìí kọ orúkọ ìyàwó àti ọkọ sínú òrùka láìfi irinṣẹ́ kan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni láti rò pé ẹ̀rọ fáíbà 20 W tàbí 30 W lè gé irin géètì. Ó ń fín irin ni. Èyí tó ń gé irin nípọn, láti nǹkan bí 1,000 W ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì nílò afẹ́fẹ́ nitrogen tàbí oxygen tí yóò máa fẹ́ irin yíyọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ni ìyẹn, kì í ṣe orí tábìlì.

Ojú ló kàn báyìí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí jù.

Ẹyinjú wa ní awò tirẹ̀ nínú, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí awọ tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, níbi tí àwòrán ti ń hàn. Ìmọ́lẹ̀ búlúù àti ti fáíbà ń gba iwájú ẹyinjú wọlé, awò inú ojú á wá kó wọn jọ, agbára wọn lójú ibi tí wọ́n bá sí lè di ìlọ́po 100,000. Ìyẹn ni pé ojú fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tí awò ìkàwé bàbá ṣe sí ewé gbígbẹ. Awọ ẹ̀yìn ẹyinjú yẹn kì í mọ ìrora. Kò ní ta yín, kò ní yún yín. Àmì dúdú kan ni ẹ ó kàn rí láàárín ohun tí ẹ bá ń wò, ó sì lè má kúrò mọ́. Ti búlúù ṣì sàn díẹ̀, torí ojú ń rí i, ènìyàn lè ṣẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíṣẹ́jú kì í yá tó fún ẹ̀rọ tó lágbára. Ti fáíbà, kò sí ohun tí ènìyàn máa rí tí yóò fi ṣẹ́jú.

Ti CO2 kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀. Omi ojú àti awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú ló ń gbà á dúró. Ibẹ̀ ló ń jó. Ó dunni púpọ̀, ó sì lè ba ojú jẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn á mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ìdérí acrylic mímọ́ gaara tó wà lórí ẹ̀rọ CO2 tó láti dí ìtànṣán rẹ̀ tó bá fọ́n ká. Acrylic kan náà, ojú ọ̀nà ni fún búlúù àti fún fáíbà. Ti búlúù nílò aláwọ̀ ọsàn. Awò oòrùn tí ẹ rà ní Lágere kò wúlò fún ìkankan nínú wọn. Nọ́ńbà ara awò ni kí ẹ wò, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ nìkan: nọ́ńbà ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ wà láàárín ohun tí wọ́n kọ sára awò. Ẹ ó tún rí OD níbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí awò náà ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó. OD 4 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 10,000 kọjá, OD 5 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 100,000 kọjá, OD 6 ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Bí awò kò bá ní ìkọ̀wé kankan lára, ẹ kà á sí pé ẹ kò ní awò.

Ewu kì í sì í ṣe ti ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ nìkan. Láti ìdajì wáàtì lọ sókè ni wọ́n ń pe lésà ní kíláàsì 4, èyí tó ga jù, gbogbo ẹ̀rọ tí mo ti ń sọ wà níbẹ̀. Ní kíláàsì yìí, èyí tó bá ta padà lára nǹkan lè ṣeni léṣe pẹ̀lú. Oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ láti wo iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ tó sáré wọlé wá ra ike omi, gbogbo wọn ní ojú. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí tó dé, tí ìtànṣán rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀ bí ìdérí bá ṣí. Bí tiyín bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ kan àpótí fún un, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè ṣe é lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì fi acrylic tó bá nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mu ṣe ojú fèrèsé rẹ̀.

Lẹ́yìn ojú, èémí ló kàn. Gbogbo ohun tí lésà bá gé ló ń sun, èéfín rẹ̀ sì ń lọ sí ibì kan. Pákó, MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe), acrylic, kò sí èyí tí èéfín rẹ̀ dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n a lè fi fáànù tó ń fa èéfín gba inú páìpù jáde lẹ́yìn ilé ṣe é. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó. Ìbòmú aṣọ kò lè dá gáàsì dúró. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ẹ̀rọ dáódù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Ike tí wọ́n ń pè ní PVC ni kí ẹ má fi sábẹ́ lésà láéláé. Kẹ́míkà chlorine wà nínú rẹ̀, tó bá sì jó, gáàsì tó ń jáde yóò di ásíìdì níbikíbi tó bá ti pàdé omi: nínú ihò imú, nínú ọ̀fun, nínú ẹ̀dọ̀fóró. Yóò sì jẹ irin ẹ̀rọ náà bí omi bátìrì, ìpẹtà yóò bo ọ̀pá tí orí ẹ̀rọ ń rìn lé láàárín ìgbà díẹ̀. Ìṣòro ni pé PVC kún àyíká wa lábẹ́ orúkọ mìíràn. Káàdì ìdánimọ̀ ọ́fíìsì, páìpù omi, sílíìnì ìgbàlódé, sítíkà fáínìlì, fẹ́lẹ́ẹ̀sì tí a fi ń tẹ pósítà, PVC ni púpọ̀ nínú wọn. Awọ oníke tí wọ́n fi ń rán àga àti báàgì náà sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, oníbàárà á sì máa pè é ní awọ.

Ọ̀nà kan wà láti dá a mọ̀. Ẹ jáde síta gbangba. Ẹ fi ẹ̀mú di wáyà kọ́pà kan mú, ẹ mú un gbóná lórí iná gáàsì títí yóò fi pọ́n, ẹ fi kan ike náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà sínú iná. Bí iná náà bá di àwọ̀ ewé, chlorine wà níbẹ̀. Ẹ dá ọjà náà padà fún oníbàárà. Ike ABS náà kò dára, torí ó máa ń yọ́ dípò kó gé, májèlé sì wà nínú èéfín rẹ̀.

Iná tó ń jó ẹ̀rọ tún wà, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: ẹnì kan kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ ra àkàrà. Acrylic ń gbiná kíákíá. Kí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa fẹ́ sójú ibi tí ìtànṣán ń gé, kí ẹ máa gbá àjákù kúrò nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ sì wà níbẹ̀ títí yóò fi parí. Bí iná bá ràn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pa fáànù tó ń fa èéfín torí òun náà yóò máa fẹ́ iná ni. Ẹ̀rọ apaná oní-CO2 ló dára jù, nítorí oníyẹ̀ẹ̀fun á pa iná náà, á sì ba gbogbo awò inú ẹ̀rọ jẹ́.

Fún ẹni tó ń lo lésà CO2, omi àti NẸ́PÀ ni wàhálà tó kù. Ọ̀pá dígí náà gbọ́dọ̀ ní omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá ń ṣiṣẹ́, kí omi náà sì wà láàárín 15 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, inú ṣọ́ọ̀bù wa ń ju 30 lọ. Ẹ̀rọ atútù tí wọ́n ń pè ní CW-3000, fáànù lásán ni, kò lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. CW-5000 ló ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríjì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó o lè máa ju ike omi dídì tó dé pa sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó sì fi tẹmómítà síbẹ̀. Kí omi náà jẹ́ èyí tí wọ́n sè, tí wọ́n sì kó ooru rẹ̀ jọ kó lè padà di omi, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, kì í ṣe omi bohóòlù.

Ẹ so pọ́ńpù omi àti lésà mọ́ orísun iná kan náà. Mo ti rí ibi tí lésà wà lórí ìnfátà, tí pọ́ńpù wà lórí iná NẸ́PÀ. Wọ́n mú iná lọ, pọ́ńpù dúró, lésà ń bá iṣẹ́ lọ, ọ̀pá dígí sì là. Iná tó ń wọ ọ̀pá yẹn lè tó 15,000 dé 25,000 fóltì, nígbà tí ti ara ògiri jẹ́ 230. Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná láti rí i dájú pé wáyà tó wọnú ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí a háyà, ihò kẹta wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Mo padà sí Mayfair lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e láti gba ìyókù kíhólídà. Awò tuntun ti dé láti Èkó, wọ́n kọ 1064 àti OD 6 sára rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti gé bébà lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ méjèèjì, 450 lórí ọ̀kan, 1064 lórí èkejì, ó sì kọ́ awò kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Àga tó wà nídìí ẹ̀rọ fáíbà, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń jókòó wo iṣẹ́ wọn, ó ti gbé e síta.